Géèmù Kan, Orúkọ Púpọ̀: Bí Kíríkẹ́ẹ̀tì Ṣe Dé Ojú Tẹlifíṣọ̀n

Nílé wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, a kì í sọ pé a fẹ́ gbá géèmù kíríkẹ́ẹ̀tì, eré tí wọ́n fi pákó ń gbá bọ́ọ̀lù, lójú tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ jẹ́ ká gbá Lara" la máa ń sọ, torí orúkọ Brian Lara, gbajúmọ̀ agbá-kíríkẹ́ẹ̀tì, ló wà lójú géèmù wa. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá mi gbọ́ ọ láti kíṣìnnì, wọ́n béèrè pé, "Lára ta lẹ fẹ́ gbá?" Wọ́n rò pé ìjà la fẹ́ jà. Ẹni mẹ́ta ni wá: èmi, ọ̀rẹ́ mi kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Jàmáíkà, àti èkejì tí ìdílé rẹ̀ wá láti Pakistan. Páàdì méjì, ohun tí a fi ń darí géèmù, ló wà. Ẹni tí wíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá ti lọ, ìyẹn ẹni tí wọ́n bá ti mú jáde, ni yóò gbé páàdì fún ẹni tó kàn.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé orúkọ Lara kọ́ ni ìdílé géèmù yẹn kọ́kọ́ jẹ́.

Ká tó kan kọ̀ǹpútà rárá, orí tábìlì ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì abẹ́lé. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Owzthat: irin kéékèèké méjì, olójú mẹ́fà-mẹ́fà, tí wọ́n ń yí gbirigbiri lórí tábìlì. Ráànù, ìyẹn ayò kíríkẹ́ẹ̀tì, ló wà lára àkọ́kọ́, 1, 2, 3, 4 àti 6. Igbe "Owzthat", tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fi ń bi adájọ́ bóyá ẹnìkan ti jáde, ló wà lójú kẹfà. Bí igbe yẹn bá yọ, wọ́n á yí irin kejì kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹni tó mú pákó ti jáde. Àwọn ọmọ ilé ìwé ní Íńdíà ní tiwọn. Wọ́n á kàn ṣí ìwé láì wojú ẹ̀, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú iye ojú ìwé náà ni ráànù wọn. Bó bá jẹ́ 0, wọ́n ti jáde nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú méjèèjì ni pé ọ̀rẹ́ tó jókòó ní iwájú ẹni ló ń mú un dùn.

Ọdún 1985 ni ilé iṣẹ́ Audiogenic gbé Graham Gooch's Test Cricket, tó ń jẹ́ orúkọ agbá-kíríkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, jáde fún kọ̀ǹpútà Commodore 64. Inú irú kásẹ́ẹ̀tì tí a fi ń gbọ́ orin náà ló wà. Èèyàn á kì í bọ ẹ̀rọ, á sì jókòó tì í títí yóò fi wọlé tán. Lọ́dún kan náà, ilé iṣẹ́ Tynesoft fi orúkọ Ian Botham, agbá-kíríkẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, sórí tiwọn. Lójú mi, ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Àwòrán ayé ìgbà yẹn kò lójú, kò nímú. Kò sẹ́ni tó lè wò ó kó sọ pé lágbájá nìyí. Orúkọ tó wà lára páálí ló ń fún àwọn ènìyàn kóńkóló yẹn ní ẹ̀mí.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lọ́dún 1993, Audiogenic ṣe òmíràn tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n tà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú orúkọ Gooch, ní Ọsirélíà pẹ̀lú orúkọ Allan Border, ní Gúúsù Áfríkà pẹ̀lú orúkọ Jonty Rhodes. Géèmù kan náà ni, orúkọ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló yàtọ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Brian Lara, ọmọ Trinidad, ya ayé lẹ́nu. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 1994, ní Antigua, ó gba ráànù 375 lójú England, iye tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà rí nígbà náà nínú Test, ìdíje ọlọ́jọ́ púpọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, ní pápá Edgbaston, ó gba 501 fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Warwickshire, wọn ò sì lè mú un jáde. Southam, ní agbègbè Warwickshire kan náà, ni ilé iṣẹ́ géèmù Codemasters fi ṣe ibùjókòó. Audiogenic ló ṣe géèmù, Codemasters ló tà á fún ẹ̀rọ géèmù Mega Drive lọ́dún 1995, orúkọ Lara ló sì wà lójú rẹ̀. Nígbà tó dé Ọsirélíà, ó di Shane Warne, orúkọ ajubọ́ọ̀lù tiwọn.

Èyí ni a gbá ní Peckham. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù yóò máa darí àmì kékeré kan kiri lórí ilẹ̀, ibi tí bọ́ọ̀lù yóò balẹ̀ sí. Ojú tẹlifíṣọ̀n kan náà la sì jọ ń wò, kò síbi tí ẹnikẹ́ni lè fi àmì pamọ́ sí. Ọ̀rẹ́ mi tí ìdílé rẹ̀ wá láti Pakistan á gbé àmì náà sí ìdí ẹsẹ̀ ẹni tó mú pákó, kò ní mira. Ó di ìgbà tí ajubọ́ọ̀lù bá ti sáré dé tán, á fà á fìrì lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀rẹ́ mi ọmọ Jàmáíkà a pariwo pé ojóró ni. Ìyá mi á yọjú: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, bọ́ọ̀lù yín yìí kì í parí ni?"

Lọ́dún 1998 géèmù Lara dé PlayStation, ohùn Jonathan Agnew àti Geoffrey Boycott, àwọn tó ń ròyìn kíríkẹ́ẹ̀tì, sì wọ inú rẹ̀. Lọ́dún 2005, wọ́n tún ń ta ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ Lara níbí, Ricky Ponting ní Ọsirélíà.

Oṣù Kẹta 2007 ni èyí tó gbẹ̀yìn pẹ̀lú orúkọ Lara jáde. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin tó tẹ̀ lé e, ní Barbados, Lara fúnra rẹ̀ gbá ìdíje àgbáyé ìkẹyìn fún West Indies, ẹgbẹ́ àwọn ará Karíbíánì, lójú England. Ráànù 18 péré ló gbà. Ẹnì kejì rẹ̀ lórí pápá ló pè é kó sáré, tó tún dá a padà, kó tó padà dé, bọ́ọ̀lù ti ba igi, ó ti jáde nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi ọmọ Jàmáíkà pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò kí mi. Ó ní, "Lara ti jáde," a sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá Mega Drive ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá mi.