WordPress, Wix, Shopify: èwo gan-an ni kí n fi ṣe wẹ́bsáìtì mi?

Látìgbà tí mo ti ń bá àwọn èèyàn ṣe wẹ́bsáìtì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí, ẹnu tó ń jáde ló kàn yàtọ̀. Alásọ bi mí, pásítọ̀ bi mí, ẹni tó ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́sìrì bi mí, àbúrò mi tó ń gẹrun ní Manchester náà pè mí lóru ọjọ́ kan torí ẹ̀. Mo wá kó àwọn ìbéèrè yẹn jọ síbí, bí wọ́n ṣe bi mí náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní WordPress ni kí n lò, mo wá tẹ̀ ẹ́ sí Google, mo rí méjì, ìkan .com, ìkan .org. Ṣé oníjìbìtì ni ìkan nínú wọn ni?

Rárá o, kò sí oníjìbìtì ńbẹ̀, àmọ́ ó ti da orí ọ̀pọ̀ èèyàn rú, mi ò dẹ̀ dá wọn lẹ́bi. WordPress fúnra ẹ̀, sọ́fítíwià ni. Ọdún 2003 ni Matt Mullenweg àti Mike Little gbé e jáde, inú sọ́fítíwià kan tó ń jẹ́ b2 ni wọ́n ti yọ ọ́, torí ẹni tó ń bójú tó b2 yẹn ti pa á tì, wọ́n dẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó. WordPress.org ni ibi tí wọ́n ti ń dáńlóòdù ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mú un níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa wá ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí, ẹ̀yin lẹ máa sanwó ibẹ̀, tó bá dẹ̀ bàjẹ́ lóru, ẹ̀yin náà lẹ máa jí tún un ṣe.

WordPress.com ní tiẹ̀, ilé iṣẹ́ Mullenweg tó ń jẹ́ Automattic ló ni ín, wọ́n ṣí i lọ́dún 2005. Sọ́fítíwià yẹn náà ni wọ́n gbé sórí ẹ̀rọ tiwọn, wọ́n wá ń fún yín ní yàrá kan níbẹ̀. Ó dà bíi kéèyàn ra èlùbọ́ lọ́jà kó lọ ro àmàlà ẹ̀ nílé, kí ẹlòmíì sì jókòó sí búkà kí wọ́n gbé àmàlà wá bá a. Èlùbọ́ kan náà ni, àmọ́ ní búkà, ẹ ò lè wọ ìdí ààrò lọ máa pàṣẹ. Lórí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ní .com, ẹ ò lè kó plugin (sọ́fítíwià kékeré tí wọ́n ń so mọ́ WordPress kó lè ṣe iṣẹ́ míì) tó bá wù yín sí i, orúkọ tiwọn á dẹ̀ máa wà nídìí àdírẹ́ẹ̀sì yín. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ tí ẹni tó mọ iṣẹ́ ń pariwo pé "WordPress ni o, WordPress ni o", .org ló sábà máa ń ní lọ́kàn, kò kàn rántí sọ ọ́ ni.

Mo ti sanwó dómẹ́ènì, kí ló dé tí wọ́n tún ń béèrè owó hósítìn? Ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà ni?

Kì í ṣe nǹkan kan náà, ibí yìí dẹ̀ ni wàhálà tó pọ̀ jù ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nídìí sọ́fítíwià rárá.

Dómẹ́ènì ni orúkọ tí èèyàn máa tẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Àwọn tó parí sí .ng, àjọ NiRA ló ń mójú tó gbogbo wọn. Hósítìn ni ààyè lórí kọ̀ǹpútà kan tí iná ẹ̀ kì í kú, tó máa ń gbé àwọn fáìlì yín fún ẹni tó bá kàn sí i. Sọ́fítíwià ni ẹ̀kẹta, òun lẹ fi ń tò ó kó tó dùn ún wò. Wix àti Shopify ti di hósítìn àti sọ́fítíwià pọ̀ sínú owó kan, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń lo Wix ò fi gbọ́ orúkọ hósítìn rí, tẹ́ni tó ń lo WordPress dẹ̀ ń san méjì.

Ìyá kan wà tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ọmọkùnrin kan ló bá wọn ṣe wẹ́bsáìtì, ó rẹwà gan-an, kò sí irọ́ ńbẹ̀. Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kan tí wẹ́bsáìtì ò ṣí mọ́. A wá nǹkan tó fà á títí, ṣé ẹ mọ̀ pé ímeèlì tara ẹ̀ ni ọmọkùnrin yẹn fi gba dómẹ́ènì, káàdì tara ẹ̀ ló fi ń san án lọ́dọọdún tí ìyá á dẹ̀ máa dá owó ẹ̀ padà fún un, ó wá ti lọ sí Kánádà, kì í gbé ìpè mọ́, káàdì yẹn ti kú, orúkọ ìsọ̀ ìyá yẹn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì tó ń béèrè dọ́là kó tó yọ̀ǹda ẹ̀. Ọ̀ra tí wọ́n tẹ àdírẹ́ẹ̀sì yẹn sí lára ṣì kún ìdí káńtà. .com.ng la wá lọ gbà, a tẹ sítíkà pélébé, ọmọ iṣẹ́ méjì jókòó, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀ra lọ́kọ̀ọ̀kan.

Torí náà kẹ́ ẹ tó bi mí pé Wix ni àbí WordPress, ẹ lọ fi ímeèlì yín àti nọ́ńbà fóònù yín gba dómẹ́ènì. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún yín lè lo páásíwọ̀ọ̀dù ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lò ó, àmọ́ kó má jẹ́ òun ló ni ín.

Wix ńkọ́? Wọ́n ní kò le.

Kò le lóòótọ́. Ilé iṣẹ́ Ísírẹ́lì ni, ọdún 2006 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹ máa fi ọwọ́ fa fọ́tò síbi tó wù yín, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ sí i, ó parí. Squarespace ti Amẹ́ríkà náà fara jọ ọ́, àwọn náà kì í jẹ́ kí wẹ́bsáìtì burẹ́wà, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ kó burẹ́wà ẹ máa ṣe wàhálà kó tó ṣeé ṣe.

Ìbéèrè tèmi ni pé, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó jáde, báwo lẹ ṣe máa kó ẹrù? Wix ò ní ọ̀nà tẹ́ ẹ fi lè gbé wẹ́bsáìtì tẹ́ ẹ ṣe lọ́dọ̀ wọn lọ sórí hósítìn míì. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan lẹ máa ṣí, ẹ máa dà á kọ bí ẹni ń da nóòtì kọ. Squarespace á jẹ́ kẹ́ ẹ kó díẹ̀ jáde nínú fáìlì tí WordPress lè kà. WordPress ní tiẹ̀, ẹ lọ sí Tools, ẹ tẹ Export, gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ti kọ látọjọ́ yìí á bọ́ sínú fáìlì kan ṣoṣo.

Kì í ṣe pé WordPress ò níjà tiẹ̀ o. Ní September 2024, Mullenweg àti ilé iṣẹ́ hósítìn kan tó ń jẹ́ WP Engine wọ̀yá ìjà, ó ti ilẹ̀kùn WordPress.org mọ́ wọn, àwọn oníbàárà wọn ò wá lè ṣe update plugin bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é fún ìgbà díẹ̀, ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Àgbà méjì ń jà, àwọn tó ń ta bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń fara gba á. Àmọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn bá sú lè di ẹrù ẹ̀ kó gbé e lọ sí hósítìn míì lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ohun tí mò ń sọ nìyẹn.

Síbẹ̀ náà, Wix ni mo ní kí àbúrò mi lò. Ojú ewé kan ló nílò: iye tó ń gbà fún low cut, ìgbà tó ń ṣí, máàpù, ó tán. Pọ́n-ùn ló ń ná, owó dọ́là ò ká a lára bó ṣe ń ká àwa tí bọ́ǹkì wa ń bá yí náírà. Tó bá dẹ̀ fẹ́ kúrò lọ́la, ojú ewé kan ṣoṣo náà ni ó máa dà kọ.

Ọjà ni mo fẹ́ tà lórí tèmi. Wọ́n ní Shopify ni bàbá.

Bàbá ni lóòótọ́, mi ò bá yín jiyàn. Ẹni tó dá a sílẹ̀, Tobi Lütke, pátákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín ló fẹ́ máa tà ní Kánádà, kò rí sọ́fítíwià tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó bá kọ tiẹ̀, nígbà tó di 2006 wọ́n ṣí i fún àwọn oníṣòwò yòókù. Ọlọ́jà ló ṣe é fún ọlọ́jà, ó dẹ̀ hàn nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò owó. Shopify ní ọ̀nà ìgbowó tara ẹ̀ tó ń jẹ́ Shopify Payments, kò sì ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Paystack tàbí Flutterwave lẹ máa so mọ́ ọn nígbà yẹn, Shopify á wá sọ pé torí ẹ ò lo tòun, òun á yọ nǹkan lórí ọjà kọ̀ọ̀kan, lórí Basic, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ètò tí wọ́n ń san lóṣooṣù, 2% ni. Ká ní ẹ ta aṣọ ₦20,000. Paystack á yọ 1.5% pẹ̀lú ₦100, ìyẹn ₦400. Shopify á yọ ₦400 tiẹ̀. ₦800 ti lọ kí ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù tó fi kíìkì sí ọ̀kadà ẹ̀, owó oṣooṣù ní dọ́là ṣì wà lẹ́yìn ìyẹn.

WooCommerce ni mo máa ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn fi sí i níbí. Plugin orí WordPress ni, Automattic ló rà á lọ́dún 2015, kì í yọ kọ́bọ̀ lórí ọjà yín, Paystack náà dẹ̀ ní plugin ọ̀fẹ́ tó ń so mọ́ ọn. Wàhálà ẹ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ ni ìtọ́jú ẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ pé èèyàn márùn-ún ló ń ra nǹkan lọ́wọ́ yín lọ́sẹ̀, ẹ dákun, ẹ lo catalogue orí WhatsApp Business, ẹ fi owó yẹn ra ọjà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo sọ èyí fún ló bínú sí mi.

Ṣé kò sí ọ̀fẹ́ ni?

Ó wà. Google náà fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní wẹ́bsáìtì ọ̀fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn lórí Google Maps, nígbà tó di March 2024 wọ́n pa gbogbo ẹ̀. GeoCities, ibi tí wọ́n ti ń ṣe wẹ́bsáìtì lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà kan, tí Yahoo rà, tí àwa tó ti dàgbà díẹ̀ mọ̀, 2009 ni tiẹ̀ lọ. Ẹ lo ọ̀fẹ́ láti fi kọ́ṣẹ́.

Mo rí theme WordPress kan, ìyẹn ìrísí wẹ́bsáìtì tí wọ́n ti tò sílẹ̀, tí wọ́n ń ta ní dọ́là 59, ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí mi lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Telegram. Ṣé kí n lò ó?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ojú ń tì mí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo lo irú theme bẹ́ẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ kan. Oṣù mẹ́ta, kò sí nǹkan kan. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wá pè mí, wọ́n ní àwọn tẹ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ sí Google, èdè Japan ló ń yọ. Mo rò pé fóònù wọn ni. Mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi: orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wà lókè, nísàlẹ̀ ẹ̀, ọ̀rọ̀ Japan lọ súà, wọ́n ń ta báàgì àti aago. Ẹni tó já theme yẹn ti fi kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ síbi kan nínú kóòdù ẹ̀, ó wá ń gba ẹ̀yìn wọlé bó ṣe wù ú. Tí mo bá pa fáìlì kan, méjì á tún yọ. Ìgbẹ̀yìn ni mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ tí mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò gba kọ́bọ̀.

Theme ọ̀fẹ́ tó wà lórí WordPress.org fúnra ẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, àwọn èèyàn ti yẹ̀ ẹ́ wò kó tó débẹ̀. Ẹ lo ìyẹn. Nígbà tó bá dẹ̀ ní kẹ́ ẹ ṣe update, ẹ ṣe é, ẹ má jẹ́ kó di "tó bá di ìparí ọ̀sẹ̀".

Yorùbá ni mo fẹ́ máa kọ sórí tèmi, ṣé gbogbo wọn ló ń gbé àmì?

Sọ́fítíwià ò ní yín lára, gbogbo wọn ló lè gbé e. Fọ́ǹtì inú theme ló máa dójú tì yín. Lẹ́tà "ẹ" ní nọ́ńbà tara ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ "ẹ́" ò ní, "ẹ" ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ kí wọ́n tó wá gbé àmì lé e lórí. Fọ́ǹtì tí wọn ò kọ́ bẹ́ẹ̀, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi fìlà ọ̀mùtí, tàbí kó lọ yá lẹ́tà yẹn lọ́wọ́ fọ́ǹtì míì, lẹ́tà kan á wá nípọn láàárín àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́. Kẹ́ ẹ tó sanwó theme kankan, ẹ tẹ Ọ̀ṣun, Ẹ̀gbá àti Ṣẹ́ẹ̀rẹ́ sí àkọlé ńlá ẹ̀, ẹ wò ó lórí fóònù. Tó bá wọ́, ẹ pààrọ̀ fọ́ǹtì sí Noto Sans ti Google, ọ̀fẹ́ ni, ó ń gbé e dáadáa. Ẹ dẹ̀ kọ orúkọ ìsọ̀ yín láìní àmì síbì kan lójú ewé yẹn, torí bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa tẹ̀ ẹ́ sí Google nìyẹn.

Mi ò ní laptop. Ṣé fóònù lè ṣe é?

Kíkọ ọ̀rọ̀ àti gbígbé ọjà tuntun sí i, bẹ́ẹ̀ ni, àti WordPress, àti Wix, àti Shopify ló ní app. Títò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ yá laptop fún ọjọ́ méjì. Ibi tí fóònù ti ń ba nǹkan jẹ́ ni fọ́tò, ẹ ya á, ẹ dẹ̀ jù ú síbẹ̀ bó ṣe wà. Ìyá alàdìrẹ wa yẹn, lẹ́yìn tí sítíkà gbẹ tán, ọmọ iṣẹ́ wọn gbé fọ́tò méjìlá sójú ewé àkọ́kọ́, ìkọ̀ọ̀kan ń lọ bíi 5MB. Oníbàárà ní Ìlọrin ní àwọ̀ funfun lásán lòún ń rí, dátà òun dẹ̀ ń lọ. Mo dín ìkọ̀ọ̀kan kù sí nǹkan bíi 150KB, kò sẹ́ni tó fojú rí ìyàtọ̀ lára aṣọ, oníbàárà yẹn ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ méjì lálẹ́ ọjọ́ yẹn.