Bí Glycol Ṣe Ń Fa Omi Kúrò Lára Gáàsì Kó Tó Gba Àgbádárìgì Wọ Òkun

Ní etíkun Àgbádárìgì, páìpù ńlá kan gba abẹ́ ilẹ̀ wọ inú òkun lọ. Páìpù Gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni. Itoki ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tó ti so mọ́ páìpù mìíràn tó ń gbé gáàsì bọ̀ láti Escravos ní Niger Delta. Ní Àgbádárìgì, àwọn ẹ̀rọ ńlá máa ń fún gáàsì náà pọ̀ kó lè lágbára ìrìn, torí ọ̀nà rẹ̀ jìn. Kìlómítà 678 ni gbogbo páìpù náà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló sì wà nísàlẹ̀ òkun. Ó ń pín gáàsì sí Kùtọnù, Lómé àti Tema kó tó parí sí Takoradi ní Gánà.

Gáàsì tó máa rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, bẹ́ẹ̀ gáàsì kì í jáde ní gbígbẹ látinú ilẹ̀. Ibi tó wà nísàlẹ̀ náà ni omi wà, wọ́n sì ti jọ ń gbé pọ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́, débi pé gáàsì ti mu omi yó. Kì í ṣe omi tí ojú lè rí, ooru omi ni, ó ti wọ gáàsì lára. Gáàsì tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ psi 1,000 (pọ́ùn lórí íńṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan), tó sì gbóná tó dígírì 38 lórí ìwọ̀n Celsius, lè gbé nǹkan bíi pọ́ùn 60 omi nínú mílíọ̀nù kan ẹsẹ̀ oníkúbíìkì. Ní Amẹ́ríkà, pọ́ùn 7 ni ọ̀pọ̀ onípáìpù ń gbà mọ. Ní Kánádà, 4 ni.

Bí gáàsì olómi bá wọ páìpù abẹ́ òkun, òkun á mú un tutù, ooru omi inú rẹ̀ á sì padà di omi. Tí ìfúnpá bá pọ̀, omi yẹn àti gáàsì máa ń dì mọ́ra di ohun funfun líle kan tí wọ́n ń pè ní hydrate. Kì í dúró de òtútù yìnyín kó tó dì: ní ìfúnpá ńlá, ó lè dì ní dígírì 15, kódà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì dí páìpù pa. Ti ìpẹtà tún wà níbẹ̀. Omi tó bá pàdé carbon dioxide inú gáàsì á di ásíìdì, á máa jẹ irin láti inú, nígbà tí ara ìta ṣì ń dán. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ gbígbẹ páìpù ṣe lè gba àkókò tó, kó rántí oṣù kẹjọ ọdún 2012, nígbà tí ìdákọ̀ró ọkọ̀ kan ya páìpù yìí ní ìtòsí Lómé lásìkò tí àwọn ajalèlókun kọlu ọkọ̀ epo. Títún ojú ibi tó ya ṣe nìkan kò tó. Wọ́n ní láti fọ inú páìpù, kí wọ́n sì mú un gbẹ. Ọdún 2013 ni gáàsì tó tún ṣàn dé Gánà.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ gbígbẹ fi máa ń wáyé lókè, ní àwọn ibùdó gáàsì tó sún mọ́ kànga, kí gáàsì tó bọ́ sínú páìpù ńlá. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù láti fi ṣe é ni glycol, kẹ́míkà olómi kan.

Èyí tí wọ́n ń lò jù ni triethylene glycol, TEG lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́. Ó mọ́ kedere, ó ki díẹ̀, kò láwọ̀. Bó ṣe fẹ́ràn omi ló jẹ́ kó wúlò. Ẹni tó bá ń ta iyọ̀ ní ọjà Àgbálátà lásìkò òjò mọ̀ pé iyọ̀ tí wọn kò bá dé á fa omi látinú afẹ́fẹ́ títí á fi rin gbindin. Bí glycol ṣe ń fa omi lára gáàsì nìyẹn. Tí wọ́n bá wá sè é, omi á fò lọ, glycol á ṣẹ́ kù, wọ́n á tún dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Omi ń hó ní dígírì 100, TEG kì í hó títí á fi tó nǹkan bíi 285. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni gbogbo ẹ̀rọ yìí gbára lé.

Separator ni gáàsì máa ń kọ́kọ́ gbà kọjá, kí omi tó ti dà, epo àti iyanrìn já bọ́ síbẹ̀. Àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ka separator sí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àìsàn glycol ti ń wá. Omi oníyọ̀ tó bá yọ́ kọjá á bá glycol dé ibi tí wọ́n ti ń sè é, iyọ̀ á lẹ̀ mọ́ irin gbígbóná, ojú ibẹ̀ á sì jó. Epo tó bá yọ́ kọjá á mú kí glycol máa yọ ìfófò. Ẹni tí glycol rẹ̀ ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́, kó tó ra òmíràn, kó lọ wo separator rẹ̀ dáadáa.

Contactor ló tẹ̀ lé e, àgbá gíga tó dúró lóòró. Gáàsì ń tìsàlẹ̀ wọlé, ó ń gòkè. Glycol gbígbẹ, ìyẹn èyí tí wọ́n ti lé omi kúrò lára rẹ̀, ń tòkè wọlé, ó ń ṣàn bọ̀. Nínú rẹ̀, àwo irin bíi mẹ́fà sí méjìlá wà lórí ara wọn, glycol á dúró lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, gáàsì á máa hó gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí méjèèjì dojú kọ ara wọn ni, kí gáàsì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán lè pàdé glycol tó gbẹ jù lókè pátápátá. Glycol tó ń wọlé gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi dígírì 5 sí 8 gbóná ju gáàsì lọ. Bó bá tutù jù ú lọ, epo inú gáàsì á dà sínú rẹ̀, ìfófò á bẹ̀rẹ̀. Bó bá gbóná jù, kò ní fa omi dáadáa, òun fúnra rẹ̀ á sì máa bá gáàsì jáde.

Glycol tó ti mu omi á tìsàlẹ̀ contactor jáde, á gba inú flash tank, níbi tí gáàsì tó ti wọ inú rẹ̀ ti ń bọ́ kúrò, á gba fílítà tó ń mú ìdọ̀tí àti fílítà èédú tó ń mú epo, á fara kan páìpù glycol gbígbóná tó ń bọ̀ kó lè gba díẹ̀ nínú ooru rẹ̀, lẹ́yìn náà á bọ́ sínú òpó tó wà lórí reboiler. Reboiler ni ilé ìdáná. Iná ń jó nínú páìpù ńlá kan tí glycol bò mọ́lẹ̀, omi á di ooru, á gba òpó jáde lọ sókè. Láàárín dígírì 190 sí 204 ni wọ́n ń jẹ́ kó wà. Wọn kì í jẹ́ kó kọjá ibẹ̀, torí láti nǹkan bíi 206 ni TEG fúnra rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Orí òpó náà kò yẹ kó gbóná ju bíi dígírì 107 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ glycol á máa bá ooru omi lọ sínú afẹ́fẹ́. Owó ló ń lọ yẹn.

Sísè báyìí ń sọ glycol di mímọ́ dé nǹkan bíi ìdá 98.5 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Lójú ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà, ìyẹn ti pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n omi kékeré tó kù nínú glycol ló ń pinnu bí gáàsì ṣe lè gbẹ tó, torí gáàsì kò lè gbẹ kọjá ibi tí glycol tó pàdé kẹ́yìn gbẹ dé. Ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ kó gbẹ ju báyìí lọ, wọ́n á fẹ́ gáàsì gbígbẹ díẹ̀ sínú reboiler kó lè lé omi tó kù jáde, glycol á sì lè kọjá ìdá 99.5. Ohun tí àwọn kan ń ṣe, tí kò dára rárá, ni pé tí gáàsì kò bá ti gbẹ tó, wọ́n á mú póǹpù yára. Nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 3 glycol fún pọ́ùn omi kọ̀ọ̀kan ló yẹ. Tí wọ́n bá ń kọjá 5, ẹrù á wọ reboiler lọ́rùn, ooru rẹ̀ á já wálẹ̀, glycol kò ní gbẹ mọ́, omi inú gáàsì náà á sì tún pọ̀ sí i. Mímọ́ glycol ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, kí ọwọ́ tó kan póǹpù.

Ìgbà tí wọ́n bá ń gbé ẹ̀rọ dìde lẹ́yìn tó ti kú ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Lásìkò náà, gbogbo èèyàn ló ń fẹ́ kí gáàsì tètè ṣàn, ìkánjú yẹn ló sì ń fọ́ nǹkan. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ lé jáde nínú gbogbo táńkì àti páìpù, pẹ̀lú nitrogen tàbí gáàsì fúnra rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ àti gáàsì tó bá pò pọ̀ lè bú gbàù. Oxygen inú afẹ́fẹ́ náà tún máa ń ba glycol jẹ́. Wọ́n á wá da glycol sínú reboiler títí á fi bo páìpù iná mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá tanná kí glycol tó bo irin yẹn á jó o.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi ìfúnpá sínú contactor díẹ̀díẹ̀, láti ojú páìpù kékeré tó yí fáàfù ńlá ká, títí ìhà méjèèjì fáàfù náà á fi dọ́gba. Ìgbà yẹn ni póǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí glycol ká. Irú póǹpù kan wà tí ìfúnpá inú contactor gan-an ń gbé ṣiṣẹ́. Irú rẹ̀ kò ní gbéra rárá bí contactor bá ṣófo. Glycol á máa kún àwo kan tẹ̀ lé òmíràn, táńkì ìsàlẹ̀ á sì máa fà. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níta á máa wo gíláàsì ìwọ̀n, á máa bu glycol kún un. Lórí rédíò, ọ̀gá tó wà nídìí pánẹ́ẹ̀lì á béèrè pé, “Ṣé glycol ti ń padà?” Bí ìdáhùn bá ṣì jẹ́ “Kò tíì padà, sà,” gáàsì kò gbọdọ̀ wọlé, bó ti wù kí àwọn tó ń retí rẹ̀ pariwo tó. Àwo tí glycol kò tíì kún, gáàsì á kàn gba ojú ihò rẹ̀ kọjá ni, kò ní jẹ́ kí glycol ráyè dúró.

Iná náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sókè, pẹ̀lú glycol tó ń yí ká. Ó dìgbà tí reboiler bá dé ibi tó yẹ kó gbóná dé, tí glycol ń padà láìdáwọ́ dúró, kí wọ́n tó ṣí gáàsì, ṣíṣí náà á sì jẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Gáàsì tó bá ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà lè gbé àwo contactor kúrò lórí ìjókòó wọn, kó sì kó gbogbo glycol inú rẹ̀ dà sínú páìpù ńlá. Gáàsì àkọ́kọ́ tó bá jáde kì í gbẹ tó, wọ́n á darí rẹ̀ síbi iná flare, níbi tí wọ́n ti ń jó gáàsì dànù, títí ẹ̀rọ tó ń wọn omi á fi fi hàn pé ó ti dára.

Nígbà tí iṣẹ́ bá ti ń lọ dáadáa, ohun tó ń sọ òtítọ́ jù ni ìgò kékeré tí wọ́n fi ń bu glycol wò. Glycol tó dára máa ń dà bí ó ṣe wà nígbà tí wọ́n rà á, tàbí kó pọ́n díẹ̀. Bó bá dúdú, tó ń rùn bíi ṣúgà tó jóná, iná ti pọ̀ jù fún un. Wọ́n tún ń wọn pH rẹ̀, nọ́ńbà tó máa ń lọ sílẹ̀ bí ásíìdì bá ṣe ń pọ̀ sí i: 7 sí 8.5 ló yẹ. Bó bá ti lọ sísàlẹ̀ 6, ó ti ń jẹ irin, wọ́n á sì máa fi amine, kẹ́míkà tó ń pa agbára ásíìdì, sí i ní ìwọ̀nba. Wọn kì í dà á sí i lẹ́ẹ̀kan náà, torí ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ ara páìpù tẹ́lẹ̀ á tú sílẹ̀, á sì dí fílítà. Ẹ̀rọ tó wà ní ìlera kì í pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gálọ́ọ̀nù lọ lórí mílíọ̀nù kan ẹsẹ̀ gáàsì. Ẹni tó bá ń bu glycol kún táńkì ju bẹ́ẹ̀ lọ ní láti wá ibi tó ń gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré: ooru tó ń jáde lórí òpó reboiler kì í ṣe omi nìkan. TEG máa ń fa benzene àti àwọn ẹbí rẹ̀ látinú gáàsì, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń gbà jáde. Benzene ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ibùdó tó bá bìkítà fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ń mú ooru yẹn tutù, kó lè gba ohun tó bá dà sílẹ̀, kó sì jó èyí tó kù. Kò yẹ kí ọ̀dọ́ kankan máa dúró lábẹ́ èéfín yẹn lójoojúmọ́ láìsí ìbòmú tó yẹ, kí wọ́n sì máa sọ fún un pé ooru omi lásán ni.

Tí wọ́n bá fẹ́ pa ẹ̀rọ, iná reboiler ló kọ́kọ́ ń kú. Póǹpù á ṣì máa yí glycol ká títí ooru á fi wálẹ̀ dé bíi dígírì 93, torí irin tó ṣì gbóná lè jó glycol tó bá dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pa póǹpù, kí wọ́n tó rọra ti gáàsì. Tó bá di dandan láti tú ìfúnpá inú contactor sílẹ̀, ẹnu ibi tí gáàsì ń gbà jáde lókè ni wọ́n ń gbà tú u, ní kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kí gáàsì má baà ṣẹ́rí padà sísàlẹ̀ kó sì ṣe àwọn àwo inú rẹ̀ léṣe.