Ohun Tí Ooru Ń Ṣe Nínú Ewé

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ nílẹ̀ Èkìtì ló gbà pé òùngbẹ nìkan ni oòrùn fi ń pa ohun ọ̀gbìn. Bí ilẹ̀ bá ti tutù, ọkàn wọn a balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wọ àkùrọ̀ ní aago méjì ọ̀sán nínú oṣù Kẹta, níbi tí omi ṣì ń sun lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ ó rí tẹ̀tẹ̀ tó ń yọ ewé tuntun, tòmátì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò kú, kò sì dàgbà. Omi kan náà ni wọ́n jọ ń mu.

Inú ewé ni ọ̀rọ̀ wà. Ewé ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti kábọ́nì dàyọ́ksáìdì inú afẹ́fẹ́ se ṣúgà tí iṣu, ìrẹsì àti kòkó fi ń so. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní Rubisco ló ń mú kábọ́nì yìí, àmọ́ ó máa ń ṣi ọ́síjìn mú. Bí ooru bá ṣe ń le ni àṣìmú náà ń pọ̀ sí i, ewé a sì máa ná agbára tó yẹ kó fi dàgbà sórí àtúnṣe. Èyí tó tún burú ni pé Rubisco ní olùrànlọ́wọ́ kan tó ń jí i sí iṣẹ́, ooru kì í sì í pẹ́ mú olùrànlọ́wọ́ yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn, bí ewé bá ti gbóná kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 35 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ọwọ́ rẹ̀ a rọ.

Tẹ̀tẹ̀, àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrèké ní ọgbọ́n tiwọn: wọ́n máa ń kó kábọ́nì jọ yí Rubisco ká, ọ́síjìn ò sì ráàyè. Ìrẹsì, ẹ̀wà, iṣu, kòkó àti tòmátì kò ní irú rẹ̀.

Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Illinois lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti la ọ̀nà àbùjá sínú ewé tábà, kí àtúnṣe àṣìmú yẹn má bàa gba agbára púpọ̀ mọ́. Tábà náà fi nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nínú oko. Nígbà tó di ọdún 2022, wọ́n dán an wò lára pòtétò lásìkò tí ooru mú gan-an, ó sì fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún wúwo ju pòtétò tí wọn kò tún ṣe lọ. Ẹ̀wà ló wù mí jù kí wọ́n ṣe yọrí, torí òun ni ẹran tálákà lọ́dọ̀ wa. Irú irúgbìn bẹ́ẹ̀ kò tíì sí lọ́jà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá tà fún yín l'Ádó tàbí n'Íkẹ́rẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rà á.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí ewé rí ibòji. Ó ń dùn mí bí mo bá rí oko kòkó tí wọ́n ti gé gbogbo igi ńlá inú rẹ̀ tà fún onígẹdú. Ẹ dá igi díẹ̀ sí, kí ẹ sì gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Ẹ̀yin onírẹsì Ìgbẹmọ, tí ẹ bá fẹ́ gbìn ín sí àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ṣírò ọjọ́ tí yóò yọ òdòdó kí ẹ tó da irúgbìn sílẹ̀. Bí ooru tó kọjá 35 bá bá òdòdó ìrẹsì, púpọ̀ nínú ṣírí rẹ̀ ni yóò ṣófo.