Bí wọ́n ṣe ń fi ohùn dá ẹyẹ mọ̀ nínú igbó

Nínú igbó Arakanga l'Abẹ́òkúta, ẹyẹ tí etí ń gbọ́ pọ̀ ju èyí tí ojú ń rí lọ. Ewé dí, ẹyẹ sì mọ̀ ọ́n sá pa mọ́. Ìdí nìyí tí afinimọ̀nà fi ń kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde kí oòrùn tó yọ. Ní ìdájí, afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ púpọ̀, ariwo ọkọ̀ kò tíì gbòde, àkókò náà sì ni akọ ẹyẹ ń kọrin jù, láti kìlọ̀ fún akọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ibẹ̀ ti lẹ́ni tó ni ín, àti láti fa abo mọ́ra.

Orin yàtọ̀ sí igbe. Orin a máa gùn. Igbe ìbẹ̀rù a máa kúrú. Bó bá tín-ín-rín, ó ṣòro láti mọ ibi tó ti wá, àǹfààní ńlá sì nìyẹn fún ẹyẹ tí àṣá ń rà bàbà lórí rẹ̀.

Kí gbogbo ẹsẹ̀ kọ́kọ́ dúró, nítorí ewé gbígbẹ lábẹ́ bàtà a máa bo ohùn tó rẹlẹ̀. Wọn a ká àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn etí. Wọn a wá ka ohùn náà: ẹ̀ẹ̀melòó ló dún, ṣé ó ń gòkè ni àbí ó ń rọlẹ̀, ibo ló ti sinmi? Ọmọ Yorùbá kò bẹ̀rẹ̀ láti òfo níbí rárá. Etí tó ń fi dò, re, mí ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ sí ọkọ́, tó sì ń gbọ́ ohun tí gángan ń wí, ti kọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí nílé.

Ẹlúlùú ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, hú-hú-hú-hú, ó ń yára bó ti ń rọlẹ̀, gẹ́lẹ́ bí omi tó ń tú jáde lẹ́nu akèrègbè ọlọ́rùn tín-ín-rín. Lásìkò òjò ló ń ké jù, òun ni àwọn àgbà ń bá wí pé, “Ẹlúlùú, ìwọ lo fòjò pa ara rẹ.”

Àdàbà le díẹ̀, torí ó ju ìran kan lọ. Èyí tí ojú rẹ̀ pọ́n ń ké ẹ̀ẹ̀mẹfà, a sinmi, a tún ké ẹ̀ẹ̀mẹfà. Èyí kékeré tó ń ṣa oúnjẹ lágbàálá ń dún bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Àtíòro tó gbé àgógó ńlá dání, ìfé tín-ín-rín ló ń súfèé láti orí igi. Akókó kò tilẹ̀ ní láti lo ọ̀fun: ó ń fi àgógó lu igi.

Fóònù wúlò. Áàpù Merlin àti BirdNET ń gba ohùn sílẹ̀ láti dábàá orúkọ, àwọn èèyàn sì ti ń kó ohùn ẹyẹ sórí ìkànnì ayélujára Xeno-canto láti 2005. Ṣùgbọ́n kò dára kí wọ́n máa gbé ohùn ẹyẹ sáfẹ́fẹ́ léraléra láti fi tàn án jáde. Á rò pé akọ mìíràn ti wọlé òun, á fi ìtẹ́ sílẹ̀ láti wá jà.

Ẹyẹ tí wọ́n gbọ́ tí wọn ò rí, “gbọ́” ni wọ́n ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Èyí tí kò dá wọn lójú, wọn a fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, wọn a padà sídìí igi kan náà ní ìdájí ọjọ́ mìíràn.