"Gírísì ló fẹ́": irọ́ tí à ń pa fún bíárìn táyà ọ̀kadà

Tí táyà ọ̀kadà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùùù bí ẹni tí inú ń run, ohun tí àwa ọlọ́kadà kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé, "Gírísì ló fẹ́." Mẹkáníìkì á fi sukudiráfà ṣí rọ́bà ojú bíárìn, á fi ìka ki gírísì sí i dẹ́nu, á sì dá rọ́bà padà. Ariwo á dínkù lóòótọ́. Ohun tó jẹ́ kí a gbà á gbọ́ nìyẹn: ó dákẹ́, a sì rò pé ó ti sàn.

Kò sàn o. Òrùka irin méjì ni bíárìn, ńlá àti kékeré, tí àwọn irin róbótó ń yí láàárín wọn. Ojú gbogbo irin yẹn máa ń dán bíi dígí nígbà tó wà ní tuntun. Omi ló sábà máa ń bà á jẹ́: òjò, àgbàrá tí a gbà kọjá, àti èyí tó burú jù lójú tèmi, ẹ̀rọ tó ń tu omi tagbáratagbára tí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ máa ń dojú ẹ̀ kọ àárín táyà. Omi á yọ́ gba abẹ́ rọ́bà wọlé, irin á dógùn-ún, ojú rẹ̀ á sì máa bó. Gírísì lè bo ariwo ibi tó bó fún ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ kò lè dí ihò ara irin. Èérún irin á tún pò mọ́ gírísì tuntun náà, á wá máa lọ bíárìn bí ata orí ọlọ.

Ariwo nìkan kò tó ẹ̀rí, torí ṣéènì náà ń pariwo. Ẹ fi sítáńdì gbé táyà kúrò nílẹ̀, ẹ di òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ máa tì í kí ẹ máa fà á. Bí táyà nìkan bá ń mì, bíárìn ni. Bí irin tó dì í mú bá ń bá a mì, ibi tó bàjẹ́ ni ọrùn ọ̀kadà, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń yí, tàbí búùṣì apá ẹ̀yìn, ìyẹn ibi tí irin tó di táyà ẹ̀yìn mú ti so mọ́ ara ọ̀kadà. Ẹ̀rí tó dájú jù ni kí ẹ yọ táyà, kí ẹ ti ìka bọ ihò bíárìn, kí ẹ rọra yí i. Tó bá ń ha bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ èkejì rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ni kí ẹ fi rà á. 6301 ní ihò mìlímítà 12, òrùka ńlá rẹ̀ láti etí kan dé èkejì jẹ́ 37. Ti 6302 jẹ́ 15 àti 42. Tí "2RS" bá tẹ̀ lé e, rọ́bà wà lójú rẹ̀ méjèèjì.

Tuntun náà lè bàjẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi í sí i gan-an. Bí òòlù bá ba òrùka kékeré, àwọn irin róbótó ni yóò jẹ ìyà náà, wọ́n á sì tẹ ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yí. Òrùka ńlá ni kí wọ́n máa lù, pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí fífẹ̀ rẹ̀ bá a mu.

Bíárìn ẹ̀yìn ọ̀kadà mi bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú òjò ọdún kan ṣoṣo. Mo bú àwọn tó ń ta ayédèrú títí. Ìgbà tí mẹkáníìkì mìíràn tú u ló bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, páìpù àárín ẹ̀ dà?" Páìpù kékeré kan ló yẹ kó wà láàárín bíárìn méjèèjì, òun ló ń gba agbára nọ́ọ̀tì tí a bá dè é pa. Bí kò bá sí níbẹ̀, bí a ṣe ń de nọ́ọ̀tì ni òrùka kékeré ń wọ́ sínú, irin róbótó á há, á máa fi ipá yí, á gbóná, á sì jẹ ara rẹ̀. Mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó tú u nígbà àkọ́kọ́. Nínú agolo mílíìkì tó ń kó nọ́ọ̀tì sí ni a ti bá páìpù náà.