Ẹni tó ní màlúù méjì nílò ẹgbẹ́ méjì

Wàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́mú màlúù máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ẹran náà, nǹkan bí ìwọ̀n 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Irú ooru bẹ́ẹ̀ ló ń tu àwọn kòkòrò àìfojúrí lára. Àwọn míì nínú wọn lè di ìlọ́po méjì láàárín ìṣẹ́jú 20. Ìdí nìyí tí ẹni tó fún lítà 10 láàárọ̀ kò fi lè bá alágbàtà dúnàádúrà títí. Àgbàdo lè wà nínú àká títí owó rẹ̀ yóò fi gòkè, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ lè má bá wàrà nílẹ̀. Alágbàtà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló fi ń pe iye tó wù ú.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn tó ń sin màlúù kan sí mẹ́rin ṣiṣẹ́, ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi mí jù ni pé, "Ẹgbẹ́ wo ni ká wọ̀, ti àwọn tó ń ta wàrà pọ̀ ni, àbí ti alájẹṣẹ́kù?" Mo máa ń ní kí wọ́n wọ méjèèjì, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jẹ́ kí àpò wọn dàpọ̀ láé.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ oníwàrà ń ṣe ni pé ó ń gba ẹlẹ́ran lọ́wọ́ ìkánjú. Táǹkì tó lè mú wàrà tutù dé ìwọ̀n 4 kì í ṣe ohun tí ẹni tó ní màlúù méjì lè dá rà, kò tiẹ̀ ní rí wàrà tó máa kún un. Àmọ́ tí ọgọ́rùn-ún ilé bá ń gbé lítà mẹ́fà-mẹ́fà wá, lítà 600 ti wà nílẹ̀ kí oòrùn tó mú. Wàrà tó bá ti tutù lè sùn di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá wá rà á á bá ìgbìmọ̀ tó ní lítà 600, tó sì lè sọ pé "rárá", jókòó.

Bọ́rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn ní Kaira, ní Gujarat, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Ilé iṣẹ́ aládàáni kan ló ń gba wàrà agbègbè náà lọ sí Bombay, owó tó sì ń kan àwọn tó ń fún wàrà kò tó nǹkan. Wọ́n gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ Sardar Vallabhbhai Patel, aṣáájú òṣèlú kan ní Íńdíà, wọ́n sì kọ̀, wọn ò ta wàrà fún ọjọ́ 15. Wọ́n forúkọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní December 1946, Tribhuvandas Patel sì ni alága. Nǹkan bí lítà 250 lóòjọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn ló di Amul, ẹgbẹ́ oníwàrà ńlá tí gbogbo Íńdíà mọ̀. Ẹ wo iye yẹn dáadáa: lítà 250 kò pọ̀ rárá. Kíkọ̀ tí wọ́n jọ kọ̀ ló fún wọn lágbára.

Ibi tí wọ́n ti ń gba wàrà ni ìjà máa ń pọ̀ sí jù. Òṣùwọ̀n kan wà tó máa ń léfòó nínú wàrà, tí wọ́n ń pè ní láktómítà. Bí wọ́n bá ti bu omi sí wàrà, á rì ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n tún máa ń da sípírítì díẹ̀ mọ́ wàrà nínú ife kékeré: tó bá dì ṣùpọ̀ṣùpọ̀, wàrà náà ti fẹ́ kan, kò sì ní fara da iná níléeṣẹ́. Inú máa ń bí àwọn kan tí wọ́n bá dá garawa wọn padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Garawa kan tó ti kan lè ba wàrà ọgọ́rùn-ún ilé jẹ́, owó yín sì ni àyẹ̀wò yẹn ń ṣọ́. Ẹgbẹ́ tó dáa tún máa ń wọn ọ̀rá, kí ẹni tí wàrà rẹ̀ ki lè gbà ju ẹni tí tirẹ̀ ṣàn lọ.

Ẹgbẹ́ oníwàrà lè ra oúnjẹ ẹran ní tọ́ọ̀nù, kó pín in láwìn, kó pe dókítà ẹran, kó sì yọ owó rẹ̀ níparí oṣù. Ìyẹn dára. Ibi tí mo ti máa ń pariwo ni ìgbà tí èèyàn bá wá yá owó ilé-ìwé tàbí owó òrùlé nínú àpò yẹn kan náà. Owó wàrà àná ló wà níbẹ̀, ó sì ní ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá gbé e fún lágbájá, ọjọ́ owó á yẹ̀. Tó bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wàrà tà fún alágbàtà lẹ́yìnkùlé, táǹkì á sì ṣófo. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó tú báyìí, ó sì dùn mí wọra, torí kò sẹ́ni tó jalè níbẹ̀. Àánú ni wọ́n ṣe.

Iṣẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀. Màlúù máa ń gbé oyún fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, ó sì yẹ kó gbẹ fún oṣù méjì kó tó bí, kí ọmú rẹ̀ lè sinmi. Wàrà tán, ṣùgbọ́n màlúù ń jẹun, ọmọ ń lọ sílé-ìwé. Ẹni tó ń ná owó wàrà tán lóṣooṣù á wá ta màlúù kan láti fi bọ́ èkejì. Ètò tó rọrùn jù tí mo mọ̀ ni kí ẹgbẹ́ oníwàrà máa yọ iye tí ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí, kó fi ránṣẹ́ tààrà sí alájẹṣẹ́kù, kí ìyókù tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Tó bá yá, ọ̀pọ̀ alájẹṣẹ́kù á yá a ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ohun tó ti fi pamọ́, pẹ̀lú onígbọ̀wọ́. Friedrich Wilhelm Raiffeisen, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ ẹ̀yáwó àgbẹ̀ sílẹ̀, lo irú ọgbọ́n yìí ní Heddesdorf, ní Jámánì, ní 1864: àwọn àgbẹ̀ ń dúró fún ara wọn, torí aládùúgbò mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ẹlẹ́ran oníwàrà tún ní ẹ̀rí kan sí i, ìyẹn káàdì wàrà. Lítà tí wọ́n kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún méjì sọ̀rọ̀ ju ìwé ilẹ̀ lọ nípa ẹni tó máa san gbèsè.

Ẹ máa fi lítà wọn ẹ̀yáwó kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé. Ká ní màlúù kan ń fún yín ní lítà 10 lóòjọ́. Ọmọ rẹ̀ àti ará ilé mu 2. Oúnjẹ ẹran àti oògùn gba owó lítà 4. Ó ku 4. Èmi kì í gbà kí gbèsè mú ju 2 lọ níbẹ̀, torí wàrà máa ń dín kù bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Lẹ́yìn bíbí kan, màlúù máa ń fún wàrà fún nǹkan bí ọjọ́ 300, nítorí náà agbára yín kò kọjá owó lítà 600, pẹ̀lú èlé nínú. Tí ohun tí ẹ fẹ́ rà bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí sísan rẹ̀ dé ìgbà tó bá tún bí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ oṣù méjì tí màlúù máa gbẹ sínú àdéhùn.

Màlúù kẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fẹ́ fi ẹ̀yáwó àkọ́kọ́ rà. Èmi á ní kí wọ́n fi fa omi dé ibùso. Nínú wàrà lítà 100, omi tó nǹkan bí 87. Màlúù tí òùngbẹ ń gbẹ kò lè fúnni ní ohun tí kò mu.

Kí ẹ tó wọ ẹgbẹ́ èyíkéyìí, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àyẹ̀wò owó ọdún tó kọjá hàn yín, kí ẹ sì wádìí bí wọ́n ṣe ń dìbò. Ní Dẹ́ńmákì, níbi tí àwọn àgbẹ̀ Hjedding ti dá iléeṣẹ́ wàrà aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ ní 1882, orí èèyàn ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka orí màlúù.

Ẹ tún wo orúkọ tó wà lórí káàdì. Mo sábà máa ń bá obìnrin tó ń jí fún wàrà, tó ń gbé e dé ibi òṣùwọ̀n, tí ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí ìwé ẹgbẹ́ mọ̀. Bí ẹ̀yáwó bá dé, kò lè tọwọ́ bọ̀ ọ́; bí ìpàdé bá pé, kò lè dìbò. Ẹ̀yin obìnrin tí mò ń bá wí, ẹ lọ bá akọ̀wé, kí ẹ ní kó ṣí káàdì ní orúkọ yín, kó sì máa kọ lítà tiyín sí i láti àárọ̀ ọ̀la.