Ọmọ Tó Jẹ́ Iṣẹ́ Ẹrú: Bí Ìhìnrere Máàkù Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ẹ̀kọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ti há sórí láti kékeré ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi: Mátíù kọ̀wé nípa Ọba, Máàkù nípa Ìránṣẹ́, Lúùkù nípa Ọmọ Ènìyàn, Jòhánù nípa Ọmọ Ọlọ́run. Wọ́n á fi kún un pé ìdí nìyẹn tí Mátíù àti Lúùkù fi to ìran Jésù lẹ́sẹẹsẹ, tí Máàkù kò sì to ìran kankan, nítorí kò sẹ́ni tí í wádìí ìdílé ìránṣẹ́. Àlàyé yìí rọrùn, ó sì dùn-ún kọ́ ọmọdé. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ti sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún òǹkàwé kó tó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́.

Máàkù kò fi ìránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ rárá. "Ìbẹ̀rẹ̀ ìhìnrere Jésù Kristi, Ọmọ Ọlọ́run" ni gbólóhùn tó fi ṣílẹ̀kùn. Ó di orí 10 kí Jésù tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun wá láti ṣe ìránṣẹ́. Àárín ibi méjèèjì yìí ni ọgbọ́n ìwé náà wà.

Ta ló kọ ọ́, ìlú wo ló ti kọ ọ́, ọdún wo ni: gbogbo ìwé atọ́nà Bíbélì ló sọ̀rọ̀ lé e lórí, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó tó kí á mọ̀ pé òun ló kúrú jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orí 16 péré, àti pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní gbà pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Láyé àtijọ́, wọn kò kà á sí tó bẹ́ẹ̀. Augustine ti Hippo, bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́ kan ní Àríwá Áfíríkà, sọ pé ńṣe ni Máàkù tẹ̀ lé Mátíù lẹ́yìn, tó ké ìwé rẹ̀ kúrú. Ẹni tó bá fi ìtàn wé ìtàn yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Máàkù fi ẹsẹ 23 sọ ìtàn ọmọbìnrin Jáírù. Ẹsẹ 9 ni Mátíù fi sọ tirẹ̀. Ìtàn ẹlẹ́mìí èṣù tó ń gbé inú ibojì gba ẹsẹ 20 lọ́wọ́ Máàkù, ó gba 7 lọ́wọ́ Mátíù. Máàkù nìkan ló sọ pé orí ìrọ̀rí ni Jésù sùn lé ní ìdí ọkọ̀ nígbà tí ìjì ń jà. Òun nìkan ló rí i pé koríko tí àwọn tó jẹ búrẹ́dì márùn-ún jókòó lé jẹ́ koríko tútù. Ìwàásù gígùn ni kò pọ̀ nínú ìwé rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ṣe àti ibi tí ẹsẹ̀ rìn dé ló kún inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan, euthys, tó túmọ̀ sí "lójú ẹsẹ̀", fara hàn níbẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 40. Bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kánjúkánjú ṣe ń rìn ni ìwé náà ń rìn.

Létí odò Jọ́dánì, ohùn kan wá láti ọ̀run: "Ìwọ ni àyànfẹ́ Ọmọ mi, ẹni tí inú mi dùn sí gidigidi." Ìdajì àkọ́kọ́ nínú gbólóhùn yẹn bá Sáàmù 2 mu, orin ọba tí Ọlọ́run pè ní ọmọ. Ìdajì kejì bá Aísáyà 42 mu, níbi tí Ọlọ́run ti ń na ìka sí ìránṣẹ́ rẹ̀, àyànfẹ́ tí inú rẹ̀ dùn sí. Àwọn Kristẹni ka ìránṣẹ́ náà sí ẹni kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n mú lọ fún pípa bí ọ̀dọ́ àgùntàn ní Aísáyà 53. Ọmọ àti ìránṣẹ́ ti wà nínú gbólóhùn kan láti orí kìn-ín-ní. Máàkù kò tú u palẹ̀, ó ń bá ìtàn lọ.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ohun tí Máàkù fi hàn wá ni òdìkejì òwe yẹn: iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán ẹni yìí, ó fi tẹrú jẹ́ ẹ. Òwe ọgbà àjàrà ní orí 12 jẹ́ kó hàn. Olóko rán ẹrú kan lọ gba èso lọ́wọ́ àwọn tó ń dáko fún un, wọ́n lù ú. Ó rán òmíràn, wọ́n fọ́ ọ lórí. Ó rán ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n pa á. Ó wá ku ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àyànfẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà tí ohùn sọ létí Jọ́dánì. Wọ́n pa òun náà, wọ́n sì sọ òkú rẹ̀ sẹ́yìn ọgbà. Ẹrú kú, ìyá ò gbọ́. Ọmọ kú, igbe ta. Nínú oko yìí, ọmọ kú, igbe kò ta.

Ṣùgbọ́n kí á má tíì sáré débẹ̀. Láti orí 1 títí dé ìdajì orí 8, agbára ni a ń rí: ìjì dákẹ́, adẹ́tẹ̀ mọ́, ẹ̀mí èṣù ń lọgun orúkọ rẹ̀, ó sì ń ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Ìdí tó fi ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ti fa àríyànjiyàn láàárín àwọn onímọ̀. Èyí tó bá ìwé náà lọ jù ni pé ẹni tó bá pe orúkọ náà kó tó rí àgbélébùú yóò pè é ní àpèṣì.

Àárín ìwé ni ibi tó yẹ ká jókòó sí, láti orí 8 ẹsẹ 22 títí dé òpin orí 10. Afọ́jú ló wà ní ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, afọ́jú ló wà ní ẹnu ọ̀nà àbájáde.

Ti àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní Bẹtisáídà. Jésù fa ọkùnrin náà lọ́wọ́ jáde kúrò ní ìletò, ó tutọ́ sí i lójú, ó gbé ọwọ́ lé e, ó bi í bóyá ó rí nǹkan. Ọkùnrin náà gbójú sókè: ó rí àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n bí igi ni wọ́n rí, wọ́n ń rìn. Jésù tún gbé ọwọ́ lé e lójú, ìgbà náà ló tó ríran kedere. Mátíù àti Lúùkù kò kọ ìtàn yìí. Bí ènìyàn bá kà á lóun nìkan, á dà bí ẹni pé agbára kò ká iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Lọ́nà Kesaréà Fílípì, Jésù bi àwọn ọmọ-ẹ̀yìn léèrè ẹni tí wọ́n ń fi òun pè. Pétérù ní, "Ìwọ ni Kristi náà." Ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà. Àmọ́ bí Jésù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé òun yóò jìyà, pé wọn yóò pa òun, Pétérù fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bá a wí. Ojú Pétérù ti là, ṣùgbọ́n bí igi tó ń rìn ló ṣe rí Kristi. Ó kù kí ọwọ́ tún kàn án lẹ́ẹ̀kejì.

Láti ibẹ̀ lọ, nǹkan kan náà ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Jésù á sọ ti ikú rẹ̀. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn á ṣe ohun tó fi hàn pé kò yé wọn. Jésù á jókòó kọ́ wọn. Ní orí 8, Pétérù ni. Ní orí 9, wọ́n ń jiyàn lójú ọ̀nà lórí ẹni tó tóbi jù nínú wọn, nígbà tí Jésù sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ, gbogbo wọn dákẹ́. Ó pe ọmọ kékeré kan sí àárín wọn, ó gbé e mọ́ra. Ní orí 10, wọn kò jìnnà sí Jerúsálẹ́mù mọ́. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fínnífínní: wọn yóò fi í ṣe ẹlẹ́yà, wọn yóò tutọ́ sí i lára, wọn yóò nà án, wọn yóò pa á. Ọ̀rọ̀ yìí ni Jákọ́bù àti Jòhánù gbọ́ tán tí wọ́n fi wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn jókòó, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, nínú ògo rẹ̀. Inú bí àwọn mẹ́wàá yòókù. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àga kan náà ni gbogbo wọn ń wò.

Ìgbà yìí ni Jésù wá sọ ọ́. Àwọn alákòóso Kèfèrí a máa jẹ gàba lé àwọn ènìyàn lórí, ṣùgbọ́n kì yóò rí bẹ́ẹ̀ láàárín yín. "Nítorí Ọmọ ènìyàn tìkálára rẹ̀ kò ti wá kí a bá máa ṣe ìránṣẹ́ fún, bí kò ṣe láti máa ṣe ìránṣẹ́ fúnni, àti láti fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣe ìràpadà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn."

Bí a ṣe sábà ń wàásù ẹsẹ yìí dunni. A ń fi ojú ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wò ó. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ á gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á pọnmi sílé ọ̀gá, á lọ ra oúnjẹ wá, á gba ìbáwí, ọdún á pé, wọ́n á gbàdúrà fún un lọ́jọ́ fírídọ̀mù, òun náà á sì di ọ̀gá tí ọmọ mìíràn ń gbálẹ̀ fún. Ìlànà tó dára ni, òun ló kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn níṣẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ka Máàkù, ìránṣẹ́ á di àtẹ̀gùn: sìn báyìí, wọ́n á sìn ọ́ lọ́la. Ohun tí Jákọ́bù àti Jòhánù ń béèrè gan-an nìyẹn, ọjọ́ fírídọ̀mù. Nínú ìwé Máàkù, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, kò sì gbé e fún ẹlòmíràn títí ìtàn fi parí. Síbẹ̀, "ìránṣẹ́ Ọlọ́run" ti di oyè láàárín wa, tó ní àga tirẹ̀ níwájú àti ẹni tí ń bá a gbé Bíbélì. Orúkọ iṣẹ́ ni kí wọ́n tó fi joyè.

Apá kejì ẹsẹ náà sì jinlẹ̀ ju bí a ṣe ń kà á lọ. Lytron ni ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí a túmọ̀ sí ìràpadà: owó tí wọ́n ń san kí ẹrú tàbí ẹni tí ogun kó tó gba òmìnira. Kò ní ṣòro fún àwọn Yorùbá ayé àtijọ́ láti lóye rẹ̀, nítorí ìwọ̀fà. Baálé ilé tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn á yá owó, á fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Ọmọ náà á máa lọ roko olówó. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú gbèsè, èlé lásán ni. Ó lè fi ọdún mẹ́wàá kọ ebè, iye tí wọ́n yá níbẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n ṣì jẹ. Òógùn ìwọ̀fà kì í ra ìwọ̀fà padà; ó di ọjọ́ tí ẹnì kan bá gbé odindi owó náà wá kó tó lọ sílé. Ibi tí ọ̀rọ̀ Jésù ti yàtọ̀ ni pé ẹni tó wá san owó kò dúró lẹ́nu ọ̀nà kó ka owó sílẹ̀. Ó wọ inú oko, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ ìwọ̀fà, ara rẹ̀ gan-an ló sì di owó. Ìyà tí àwọn ará Róòmù fi ń jẹ ẹrú àti ọlọ̀tẹ̀ ni àgbélébùú.

Afọ́jú kejì, Bátíméù, ló ti ilẹ̀kùn abala yìí. Ó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà ní Jẹ́ríkò, ó ń kígbe. Jésù bi í pé kí ló ń fẹ́ kí òun ṣe fún un. Ìbéèrè kan náà ló bi Jákọ́bù àti Jòhánù kò tíì ju ẹsẹ 15 lọ. Àwọn yẹn tọrọ àga. Eléyìí ní kí òun ríran. Ó ríran lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì tẹ̀ lé e lọ́nà Jerúsálẹ́mù.

Ibi tí ọ̀tún àti òsì já sí wà ní orí 15: wọ́n kan olè méjì mọ́ igi pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Jákọ́bù àti Jòhánù kò sí nítòsí. Gbogbo wọn ti sá ní orí 14. Balógun ọ̀rún ará Róòmù, tó dúró kọjú sí i tó sì rí bó ṣe kú, ni ènìyàn àkọ́kọ́ tó pè é ní Ọmọ Ọlọ́run nínú ìwé náà.

Ohun kan ṣì wà tí kì í hàn bí a kò bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ ìṣe Gíríìkì náà, diakonein, láti ṣe ìránṣẹ́, wà ní ibi mẹ́rin péré nínú Máàkù. Àwọn áńgẹ́lì ṣe é fún Jésù nínú aginjù. Ìyá ìyàwó Símónì ṣe é. Jésù sọ ọ́ nípa ara rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń wò láti òkèèrè lọ́jọ́ àgbélébùú, Màríà Magidalénè, Màríà ìyá Jákọ́bù kékeré àti Jósè, àti Sálómẹ̀, ni ìkẹyìn: Máàkù ní wọ́n ti ń tẹ̀ lé e, wọ́n sì ti ń ṣe ìránṣẹ́ fún un láti Gálílì. Kò lo ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀kan nínú àwọn méjìlá.

Àwọn obìnrin yìí náà ló lọ síbojì. Ọ̀dọ́mọkùnrin aláṣọ funfun rán wọn níṣẹ́ sí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn àti Pétérù, pé Jésù ń lọ síwájú wọn sí Gálílì. Wọ́n sá jáde, wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹ̀rù bà wọ́n. Ibẹ̀ ni Sinaiticus àti Vaticanus, ìwé àfọwọ́kọ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, parí Máàkù sí. Òǹkàwé tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ Pétérù ní láti padà sí Gálílì, sí orí kìn-ín-ní, sí ilé Símónì ní Kápánáúmù, níbi tí ibà ti gbé ìyá ìyàwó rẹ̀ dè. Jésù fà á lọ́wọ́ dìde. Ibà náà fi í sílẹ̀, ó sì ń ṣe ìránṣẹ́ fún wọn.